Bíréèkì iná fún trailer tá a fọwọ́ ara wa jó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ ní Houston níbí lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Ọ̀pọ̀ ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde torí ariwo àwọn ọmọdé ò jẹ́ kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ gbogbo ẹ̀, àwọn kan sì wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yà, ẹ bá mi yà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin àbúrò. Trailer tí mò ń wí yìí kì í ṣe trélà tó máa ń gbé símẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o. Èyí tá a máa ń so mọ́ ìdí pickup ni, ọmọlanke tí mọ́tò ń fà, tá a fi ń gbé mọ́tò tá a rà ní auction lọ sí port kó lè di tòkunbọ̀ nílé, tá a fi ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko, tá a fi ń kó ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fọwọ́ ara ẹ̀ jó tiẹ̀. Èmi náà jó tèmi. N'Íbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà kí n tó dé ibí, nígbà tí mo wá rí iye tí wọ́n ń ta trailer tuntun mo ní kí wá ni mo kọ́ṣẹ́ sí. Mo ra irin, mo ra axle méjì, irin gbọọrọ tí táyà òsì àti ọ̀tún ń yí létí ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 3,500 pọ́ùn, mo fi òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jó o, mo kùn ún ní dúdú. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn ẹ̀. Ó rẹwà débi pé àwọn èèyàn ń bi mí níbi tí mo ti rà á. Ṣùgbọ́n kò ní bíréèkì. Axle tí kò ní bíréèkì dínwó ju èyí tó ní lọ, mo wá sọ fún ara mi pé ṣebí pickup mi ní bíréèkì tó dáa, á dá àwọn méjèèjì dúró.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ara mi yẹn ló gbé mi wá síwájú yín lónìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti sọ ọ́ fún ara yín náà.

Mò ń bọ̀ láti Katy lọ́jọ́ kan lórí I-10, Camry kan wà lórí trailer, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. 60 máìlì ni mò ń sá, kì í ṣe eré àsápajúdé rárá, àwọn mọ́tò kéékèèké ń kọjá mi ni. Ká tó dé Beltway 8, gbogbo mọ́tò iwájú kàn tan iná pupa lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró. Mo tẹ bíréèkì. Imú pickup wọlẹ̀, ìdí ẹ̀ ń gbé sókè, mo gbọ́ gbàmù-gbàmù lẹ́yìn bí trailer ṣe ń fi orí gbá ibi tá a so ó mọ́, ó ń tì mí lọ. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀, ṣe ni mò ń lọ. Nígbà tí mo wo dígí òsì, Camry ni mo rí nínú ẹ̀, ó ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fẹ́ ya mí sílẹ̀, ìyẹn ni pé trailer ti ń yí padà lẹ́yìn mi. Mo tú ẹsẹ̀ díẹ̀, mo yí sí etí títì, mọ́tò mẹ́ta ni mo kọjá níbẹ̀ kí n tó dúró. Èyí tí ǹ bá gbá lẹ́yìn nínú wọn, ọmọ méjì ló wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀kan yíjú sẹ́yìn ó ń wò mí látinú gíláàsì. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Èmi náà ò rí nǹkan sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Trailer mi lófìfo ń lọ sí nǹkan bíi 1,800 pọ́ùn, Camry yẹn tó nǹkan bíi 3,200, ó di 5,000. Pickup mi fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìyẹn ni pé bíréèkì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò kan ni mo ní kó dá mọ́tò méjì dúró. Ohun tó wá tún burú sí i ni pé tẹ́ ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà lára ẹrù yẹn ò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Láti 30 sí 60, ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ, torí ládùúgbò trailer yẹn máa ń dúró dáadáa, ẹ máa rò pé kò séwu, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí márosẹ̀ tí ẹni iwájú yín dúró lójijì.

Òfin Texas níbí sọ pé trailer tí ìwọ̀n ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ti ju 4,500 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀, àfi tí kò bá ju 15,000 lọ tí ẹ ò sì ní sáré ju 30 máìlì lọ. Ta ló ń sá 30 máìlì lórí I-10? Torí náà mo ti ń rú òfin tipẹ́, mi ò kàn mọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ state mìíràn, 3,000 pọ́ùn ni tiwọn, ẹni tó bá sì ń gbé ẹrù kọjá sí state mìíràn, òfin ibẹ̀ ló dè é. Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa lórí fóònù, tiyín tún le jùyẹn lọ, tó bá ti ju 750 kílò lọ ó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, ṣùgbọ́n irú tiwa níbí kọ́ ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwọn ni pé títì tí trailer bá ń ti mọ́tò ló máa ń fa bíréèkì trailer, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra kit bíréèkì Amẹ́ríkà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ó yá, ẹ wá wo bíréèkì iná tí mo gbé sórí tábìlì yìí. Ẹ gbé e yíká, ẹ fọwọ́ kàn án, ó ṣì mọ́. Àwo irin yìí ló máa ń wà lẹ́yìn táyà. Shoe méjì rèé, wọ́n rí bí ìdajì òṣùpá. Èyí tó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ yìí, tó ní wáyà méjì lára, òun ni magnet. Tí iná bá wọ inú ẹ̀, á fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú drum, irin tó rí bí ìkòkò tó ń bá táyà yí níwájú ẹ̀. Drum ń yí lọ, magnet lẹ̀ mọ́ ọn, drum á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n magnet ò dá wà, ẹ wò ó, ìsàlẹ̀ apá irin yìí ló wà, tí wọ́n bá wọ́ ọ, apá yìí á yí díẹ̀, òkè ẹ̀ á ti shoe méjèèjì síta, wọ́n á há mọ́ inú drum. Ẹ fi ìka ti magnet yẹn sápá kan kẹ́ ẹ wo shoe. Ẹ rí i bó ṣe ń ṣí? Kì í ṣe iná gan-an ló ń dá trailer dúró, iná kàn ń jẹ́ kí magnet di drum mú ni, agbára yíyí táyà fúnra ẹ̀ ló kù tó ń ti shoe. Tí iná bá ṣe pọ̀ sí ló ṣe máa di í mú tó. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé lò láti fi de trailer mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá páàkì, torí táyà tí kò yí kò lè wọ́ magnet, bátìrì lẹ máa kàn pa.

Nǹkan yìí kì í ṣe àrà tuntun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Warner ní ìlú Beloit ní Wisconsin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tẹ̀ba lábẹ́ trailer yín kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn hub, ìyẹn irin tá a ń de táyà mọ́, lára axle níbẹ̀. Ṣé irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jó mọ́ ọn, tó ní ihò bóòtù mẹ́rin? Tó bá wà, inú yín á dùn, iṣẹ́ yín ti dínkù sí ìdajì. Ẹ máa ra bíréèkì 10 ínṣì tó fẹ̀ ní ínṣì 2 àti ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn ló bá axle 3,500 mu, ẹ máa dè é pẹ̀lú bóòtù mẹ́rin, ẹ máa yọ hub yín kúrò, ẹ máa fi èyí tó jẹ́ hub àti drum papọ̀ síbẹ̀. Bearing, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí hub yí wẹ́rẹ́, èyí tó sábà máa ń wà nínú axle 3,500 ni L68149 nínú àti L44649 níta, ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó, nọ́ńbà ọ̀hún ni kẹ́ ẹ mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Tí irin pẹlẹbẹ yẹn ò bá sí ńkọ́? Wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń jó o mọ́ axle. Wẹ́dà ni mí o, mo ti jó irin fún ogún ọdún ó lé, mo wá ń sọ fún yín pé mi ò jó o sára tèmi. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín gangan, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí spindle, ìyẹn ẹnu axle tí hub ń yí lórí ẹ̀, tó bá fi díẹ̀ báyìí wọ́, shoe á máa ha drum lápá kan, apá kejì ò ní kàn án, magnet á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná jíjó yẹn náà tún lè tẹ spindle, bearing á sì máa gbóná láìmọ̀dí. Mo ta axle méjèèjì, mo fi owó lé e, mo ra èyí tó ti ní bíréèkì lára láti ilé iṣẹ́ wá. Ó dùn mí díẹ̀ lápò, ṣùgbọ́n bóòtù U mẹ́jọ ni mo tú, ọ̀sán kan ló parí. Ẹni tó bá sì lọ yọ ìdí mọ́tò àlòkù fi ṣe axle trailer ẹ̀, kó má tiẹ̀ dààmú ara ẹ̀ pẹ̀lú kit, wọn ò ní bára mu, kó ra axle tuntun.

Ohun kan tí mo rí táwọn èèyàn ń ṣì ṣe: ti òsì àti ti ọ̀tún yàtọ̀ síra. Bí bàtà ló rí. Òsì ni apá tí awakọ̀ ń jókòó sí níbí. Tẹ́ ẹ bá gbé e síbẹ̀, ẹ wo shoe méjèèjì dáadáa, èyí tí awọ ara ẹ̀ kúrú gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, èyí tó gùn á wà lẹ́yìn. Tó bá yí sódì, bíréèkì yẹn á máa ṣiṣẹ́ ìdajì, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń ki gíríìsì sí bearing, ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó dé ìdí shoe, tí gíríìsì bá ti wọ inú shoe, ẹ má fi pẹtiróò fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ ní ó ti tán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Níbi tá a dé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé àwọn ti fi bíréèkì sí trailer. Rárá o. Irin lẹ fi sí i. Bíréèkì ò tíì sí níbẹ̀ àfi tí iná bá dé magnet bó ṣe yẹ kó dé. Ọ̀rọ̀ wáyà rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí ju ibòmíì lọ, torí ibí lèmi fúnra mi ti kọ́kọ́ kùnà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ so tèmi, mo lo wáyà tín-ín-rín tó ṣẹ́kù nílé, irú èyí tí wọ́n fi ń so iná ẹ̀yìn. Mo fi àwọn ìdè oníke tí wọ́n ń fi plier tẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ti earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná máa gbà padà, mo kàn fi súkúrù lu ara férémù, lórí pẹ́ǹtì dúdú tí mo fi ń yangàn yẹn. Mo tan án, mo gbé jáàkì sí i, mo yí táyà, mo ní kí ìyàwó mi tẹ bíréèkì, táyà dúró. Mo pariwo ayọ̀. Ẹ gbọ́ o, táyà tó wà lórí jáàkì, ọmọdé lè fọwọ́ dá a dúró. Lójú títì pẹ̀lú ẹrù, mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn dà bíi pé ẹnì kan rọra di trailer mú lẹ́yìn ni. Mo gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo ní bíréèkì tí wọ́n tà fún mi ò dáa. Bàbá kan wà níbẹ̀, òyìnbó arúgbó, kò bá mi jà, ó kàn gbé mítà jáde, ó já wáyà búlúù tó ń gbé iná lọ sí bíréèkì, ó fi mítà sáàárín, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Mítà kọ 4.

Magnet kan nínú bíréèkì 10 ínṣì máa ń gba nǹkan bíi 3 ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà, nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Mẹ́rin ni tèmi. 3 lọ́nà mẹ́rin, 12 ló yẹ kó kọ. Ó kọ 4. Ìdá mẹ́ta kan péré ni bíréèkì tí mo ní mo ti fi sí i yẹn, mo sì ti fi í gbé ẹrù ẹlẹ́rù káàkiri.

Ẹ wò ó bí omi tó ń gba inú rọ́bà. Tí rọ́bà bá tín-ín-rín, tàbí tó há níbì kan, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè lágbára tó, omi tó máa dé ìdí ògèdè á kéré. Wáyà tín-ín-rín ni rọ́bà tín-ín-rín. Súkúrù tó wà lórí pẹ́ǹtì àti ìpẹtà ni ibi tó há. Iná gbọ́dọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, ọ̀nà àbọ̀ yẹn làwọn èèyàn máa ń fojú di. Ẹlòmíì tiẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé irin hitch tá a fi so trailer mọ́ mọ́tò pé òun náà ni earth, bẹ́ẹ̀ gíríìsì ló kún orí ball tí trailer jókòó lé yẹn.

Ohun tí mo wá ṣe rèé. Mo tú gbogbo ẹ̀. Mo ra wáyà gauge 10, ẹni tó bá ní axle kan ṣoṣo lè lo 12, ẹ má tín-ín-rín jùyẹn lọ, kẹ́ ẹ sì rántí pé nọ́ńbà gauge tó bá kéré ni wáyà ẹ̀ nípọn. Magnet kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, èyíkéyìí nínú wọn lè lọ síbikíbi, kò ní rere kò ní búburú. Ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sára wáyà búlúù, èkejì lọ sára wáyà funfun, mo sì fa wáyà funfun yẹn látìdí táyà títí dé inú plug onímú méje níwájú, mi ò fi férémù ṣe ọ̀nà mọ́ rárá. Nínú plug onímú méje tí à ń lò níbí, búlúù ni bíréèkì, funfun ni earth, dúdú ni iná bátìrì, búráùn ni iná alẹ́, yẹ́lò ni òsì, gíríìnì ni ọ̀tún. Gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé, mo fi ìdè onírọ́bà tó máa ń sún kì tí wọ́n bá fi iná sí i, kí omi má bàa ráyè wọlé. Èyí tó ń gba inú axle kọjá látòsì sí ọ̀tún, mo wọ̀ ọ́ ní rọ́bà kí etí irin má bàa gé e. Nígbà tí mo parí, mo fi mítà sí i. 11 àti díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni trailer mi tó ní bíréèkì.

Mítà yẹn ò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan. Ẹ rí i pé ó lè wọn ámpù tó pọ̀ tó 15 tàbí 20, torí àwọn kan wà tí 10 ni òpin wọn, fíúsì inú ẹ̀ á jó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún àti kẹ́ ẹ tó rin ìrìn àjò gígùn.

Nínú mọ́tò, ẹ nílò controller, àpótí kékeré tó máa wà lábẹ́ dashboard. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá pickup yín ti ní in látilẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ tuntun ló ní. Tí kò bá ní, oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan á kàn máa rán iye iná kan náà sẹ́yìn bóyá ẹ rọra tẹ bíréèkì ni o tàbí ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Èkejì máa ń mọ bí mọ́tò ṣe ń dúró sí, ìyẹn náà ni á fi dá trailer dúró. Ẹ ra èkejì yìí. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn á fi torí owó díẹ̀ ra èyí tí kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń sọ. Wáyà mẹ́rin ló ní: dúdú lọ sí bátìrì pẹ̀lú breaker ámpù 20 tó máa já iná tó bá pọ̀ jù, funfun lọ sí earth, pupa lọ sí swíìṣì iná bíréèkì, búlúù lọ sẹ́yìn. Ẹ gbé e sí bí ìwé ẹ̀ ṣe wí, kí ó kọjú sí ibi tí mọ́tò ń lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ lọ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ẹrù lórí trailer, ẹ sá nǹkan bíi 25 máìlì, ẹ fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ controller. Ẹ máa gbé nọ́ńbà controller yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ títí táyà trailer á fi fẹ́ há, ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá já ẹrù, ẹ tún un ṣe, torí trailer òfìfo máa ń há kíákíá.

Bọ́tìnnì ọwọ́ yẹn, ẹ mọ ibi tó wà bẹ́ ẹ ṣe mọ ibi tí ẹnu yín wà. Tí trailer bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn yín, ẹ má tẹ bíréèkì ẹsẹ̀. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tó ń mú mọ́tò sáré, ẹ fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì yẹn, trailer á fà sẹ́yìn, á tò tẹ̀lé yín padà. Kó má tiẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ jíjù ìdí rárá, ẹ jẹ́ kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbogbo ẹ̀ wà lórí hitch. Fún 5,000 pọ́ùn, ó di 500 sí 750. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò lé e, ẹ máa sún un síwájú tàbí sẹ́yìn títí á fi rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí òfin ìjọba àpapọ̀ kọ fáwọn tó ń fi ṣòwò láti state kan sí òmíràn, tí mo sì rò pé gbogbo wa ló yẹ ká ní in: tí trailer bá já kúrò lára mọ́tò, bíréèkì ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú fúnra ẹ̀, kó sì di í mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bátìrì kékeré kan ni, ó máa wà lára trailer, pẹ̀lú swíìṣì tí wọ́n fi pín-ìnnì há. Okùn ara pín-ìnnì yẹn lẹ máa so mọ́ ara pickup gan-an, ẹ má so ó mọ́ irin tí ball wà lórí ẹ̀, torí tó bá jẹ́ irin yẹn ló yọ, okùn á bá a lọ, pín-ìnnì ò ní já. Ẹ má so ó mọ́ ṣéènì náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ yọ plug kúrò lára mọ́tò kẹ́ ẹ tó fa pín-ìnnì, kí iná bátìrì yẹn má bàa ba controller jẹ́. Wáyà dúdú inú plug ló máa ń jẹ́ kí bátìrì náà gba iná tẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹ má fi í sílẹ̀ láìso.

Ti pé ká tún shoe ṣe, ihò kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn àwo, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ fi irin pẹlẹbẹ yí kẹ̀kẹ́ eléyín inú ẹ̀ títí táyà á fi nira láti yí, ẹ wá dá a padà títí á fi yí wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìró ṣàà díẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn 200 máìlì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ní gbogbo 3,000 máìlì. Bíréèkì tuntun kì í mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú un jáde níbi tí mọ́tò ò ti pọ̀, ẹ sá 40, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí 20, ẹ ṣe é tó ìgbà ogún sí ọgbọ̀n kí shoe àti drum lè mọra wọn.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí, mi ò lè rántí gbogbo ẹ̀. Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ koríko ní trailer tòun kéré, axle kan, gbogbo ẹ̀ ò ju 2,500 pọ́ùn lọ, ṣé dandan ni? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin Texas ò fi dandan mú yín, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá mọ́tò yín wá, ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò ló kọ 1,000 pọ́ùn sí i gẹ́gẹ́ bí ibi tí bíréèkì trailer ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ṣe mọ́tò ló sì mọ ohun tí bíréèkì ẹ̀ lè gbé. Bọ̀dá kan bèèrè nípa trailer ọkọ̀ ojú omi, mo ní kó má fi ti iná sí i, magnet àti omi Galveston ò lè bára gbé, oníhàídírọ́líìkì ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. Ẹlòmíì fẹ́ fi trailer ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ó ní ṣé bíréèkì náà á ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Á ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mọ́tò tó bá jẹ́ 12 volt, tẹ́ ẹ bá fi controller ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ tí ẹni tó máa so ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá nílé, bátìrì méjì ni wọ́n so tẹ̀léra nínú wọn, 24 volt nìyẹn, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má so ó mọ́ irú ẹ̀.

Nígbà tá a parí, àbúrò kan ní kí n wá wo tòun níta, axle méjì, ó ní bíréèkì mẹ́rin, ó ní ó ń mú dáadáa. A jáde, àwọn bíi mẹ́jọ tẹ̀lé wa. Mo já wáyà búlúù níwájú, mo fi mítà sí i, ó jókòó sínú mọ́tò, ó tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ dé òpin. Mítà kọ 9. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tí àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ koríko fi ní, "Ọ̀kan ò ṣiṣẹ́ nìyẹn." A tẹ̀ba. Lẹ́yìn táyà ọ̀tún tó kángun sẹ́yìn, wáyà ti ń ha ara spring tipẹ́, ó ti gé, ojú kọ́pà ẹ̀ ti dúdú. A gé ibẹ̀ dànù, a fi wáyà tuntun àti ìdè onírọ́bà so ó, a fi okùn oníke fà á jìnnà sí spring. Ó padà sínú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́, mítà kọ 11.8. Ó ní kí n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí àǹtí yẹn bá òun tẹ̀ ẹ́ kí òun náà lè fojú ara òun rí i.